Kí wọ́n tó fi kún oògùn táírọ́ìdì yín: bí ẹ ṣe máa ka TSH, àti ìgbà tó yẹ kí ìwọ̀n levothyroxine yí padà

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nílé oògùn wa lẹ́nu àwọn tí táírọ́ìdì wọn ò ṣiṣẹ́ tó ni "Àǹtí, ó ṣì ń rẹ̀ mí o, ṣé kí n fi kún un ni?" Ìbéèrè lèmi náà sì fi máa ń dá wọn lóhùn: aago mélòó lẹ ń lò ó, kí lẹ fi ń gbé e mì, kí lẹ sì ń jẹ lé e? Torí lọ́pọ̀ ìgbà oògùn yẹn ò kéré rárá, inú ikùn ni ò ti rí ọ̀nà wọ ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá wá fi kún un láìbéèrè nǹkan kan, lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bó ṣe yẹ, àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, oorun ò ní kun ún, á máa gbọ̀n, ilé á ní wọ́n ti sa sí i.

Mo fẹ́ tò ó sílẹ̀ níbí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí dókítà ń wò nínú ìwé èsì yẹn, kí ẹ sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í. Ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí yí oògùn padà fúnra yín o, ẹ jọ̀ọ́. Hóró oògùn yìí kéré lójú àmọ́ ọkàn àti eegun ló máa ń bá fà á tó bá ti pọ̀ jù.

Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé èsì yẹn?

Táírọ́ìdì wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Háómónù méjì ló ń ṣe, T4 àti T3. T4 ló pọ̀ jù, T3 ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ara fúnra ẹ̀ ló sì máa ń sọ T4 di T3 bó bá ṣe nílò ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé T4 nìkan ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Levothyroxine, T4 náà ni.

TSH yàtọ̀. Ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní pituitary, òun ló ń tú u jáde. Ẹ wò ó bí ọ̀gá tó ń pariwo lé ọmọṣẹ́ lórí: tí iṣẹ́ bá ń falẹ̀, ariwo á pọ̀ sí i, tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá á dákẹ́. Nítorí náà TSH tó GA ló ń sọ pé háómónù táírọ́ìdì KÉRÉ, TSH tó sì lọ sílẹ̀ gan-an ló ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Ibí yìí ló ń da ọ̀pọ̀ rú, wọ́n á rí i pé TSH wọn ga, wọ́n á ní "áà, táírọ́ìdì mi ti pọ̀ jù," wọ́n á dín oògùn kù. Òdìkejì pátápátá nìyẹn.

Nǹkan míì ni pé TSH kì í pọ̀ sí i níwọ̀n-níwọ̀n. Tí T4 bá dín kù díẹ̀ báyìí, TSH lè fò sókè lọ́nà tó ń bani lẹ́rù, tí Free T4 (T4 tí kò so mọ́ nǹkan míì nínú ẹ̀jẹ̀, tí ara lè lò) bá já sí ìdajì TSH lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 100. Torí náà ẹni tí TSH ẹ̀ jẹ́ 8 ò fi ìlọ́po méjì le ju ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 4 lọ, kẹ́ ẹ má bàa máa fi nọ́ńbà dẹ́rù ba ara yín.

Ohun tó máa ń fà á, ọ̀kan tó wọ́pọ̀ jù láwọn ibi tí áyódíìnì ti tó nínú oúnjẹ ni Hashimoto, orúkọ dókítà ará Japan tó kọ nípa ẹ̀ ní 1912, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ti ń gbógun ti táírọ́ìdì. Àwọn míì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn nítorí gẹ̀gẹ̀, àbí wọ́n mu áyódíìnì onítànṣán nígbà tí táírọ́ìdì wọn ń ṣiṣẹ́ jù. Oògùn ọkàn kan tó ń jẹ́ amiodarone lè fà á, lithium tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ náà lè fà á. Àwọn obìnrin míì sì wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìbímọ ló bẹ̀rẹ̀, tiwọn yẹn lè lọ fúnra ẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan o, ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ lè jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ jù, lè jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ tó, ó sì lè wà déédéé. Àìtó áyódíìnì ló ń fà á púpọ̀ láyé àtijọ́, láti 1993 ni wọ́n sì ti ń fi áyódíìnì sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo bí ẹ ṣe ń lo oògùn náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n ẹ̀

Omi lásán, ikùn òfìfo, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan kí ẹ tó jẹun. Ó dùn ún sọ, àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹni tó ń jáde nílé láago 5 ìdájí torí kó má bọ́ sínú gósílò, tíì oníwàrà ló fi ń gbé e mì, ó sì ti ń jẹ búrẹ́dì lé e kó tó dé ibùdókọ̀. Ẹlòmíì á fi ògì gbígbóná gbé e mì. Kọfí náà ń dí i lọ́wọ́. Wàrà sóyà, tí ọ̀pọ̀ wa ti sọ di oúnjẹ àárọ̀ báyìí, ó wà lára àwọn tó ń dí oògùn yìí lọ́wọ́ jù, ẹ má mu ún nítòsí ẹ̀ rárá.

Tí àárọ̀ yín bá rí wúruwùru báyẹn, ẹ lò ó lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, ó tọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí 3 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó jẹ àmàlà láago 8, àfi kó di aago 11. Tí ẹ ò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, àárọ̀ náà sàn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ yan ọ̀kan kẹ́ ẹ sì dúró tì í, kó má jẹ́ pé lónìí àárọ̀, lọ́la ọ̀sán, lọ́tunla ó di ìgbà tí mo bá rántí.

Àwọn oògùn míì ńkọ́? Kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù nínú, bílọ́ọ̀dù tọ́níìkì tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, wákàtí 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn àti levothyroxine. Oògùn olómi funfun tí wọ́n ń mu tí àyà bá ń ta wọ́n, bákan náà. Omeprazole àti àwọn ẹbí ẹ̀ tí àwọn ọlọ́gbẹ́ inú ń lò máa ń dín ásíìdì inú ikùn kù, oògùn táírọ́ìdì sì fẹ́ ásíìdì yẹn kó tó lè yòrò dáadáa, torí náà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín sórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, ó ṣeé ṣe kí TSH yín gòkè lẹ́yìn oṣù méjì láìjẹ́ pé táírọ́ìdì yín ló burú sí i. Àgbo? Èmi ò ní bá a yín jà, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí oògùn yìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń mu ún. Èyí tó ń bí mi nínú gan-an ni àwọn tó ń ta sea moss àti kelp (ewéko inú òkun) fún oní táírọ́ìdì lórí TikTok. Áyódíìnì ló kún inú ẹ̀, tí áyódíìnì bá sì pọ̀ jù fún ẹni tó ní Hashimoto, ó lè tún dá iṣẹ́ táírọ́ìdì ẹ̀ dúró ni.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì lè lò ó nígbà tó bá ń lọ sùn, tí ikùn bá ti fúyẹ́, tàbí kó jí ṣáájú sààrì kó lò ó, kó wá dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 kó tó jẹ sààrì. Ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í ti í mu omi títí di ìrọ̀lẹ́ náà, ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ tì í sápá kan fún ọjọ́ 21 kẹ́ ẹ wá máa sọ pé ààwẹ̀ ló ń rẹ̀ yín.

Ooru ń ba oògùn yìí jẹ́. Lára ọ̀pọ̀ páálí wọ́n kọ ọ́ pé kó má kọjá 25°C, ẹ sì mọ bí inú mọ́tò ṣe máa ń rí lọ́sàn-án ní Èkó tàbí Ìlọrin. Ẹ má fi sínú mọ́tò, ẹ má fi sórí fèrèsé, ẹ má yọ gbogbo ẹ̀ dà sínú ike kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wá gbé e sí ilé ìwẹ̀. Ẹ fi sínú páálí ẹ̀, níbi tó tutù jù nínú yàrá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa kú, kẹ́ ẹ sì gbìyànjú láti máa ra ti ilé iṣẹ́ kan náà. Tí ọjà bá wọ́n débi pé ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà, kò burú, ẹ ṣáà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láàárọ̀, tẹ́ ẹ wá rántí lọ́sàn-án, ẹ lò ó nígbà tí ikùn bá ṣófo. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ máa bá ti ọjọ́ yẹn lọ. T4 máa ń pẹ́ nínú ara, ó tó bí ọjọ́ 7 kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò, torí náà ọjọ́ kan ṣoṣo ò lè da nǹkan rú. Lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń da nǹkan rú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣètò ọjọ́ tí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀

Tí wọ́n bá ti yí ìwọ̀n oògùn padà, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kẹ́ ẹ tó lọ sí láàbù. Ẹni tó bá sáré lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kàn ń fowó ṣòfò ni, oògùn tuntun ò tíì dúró déédéé nínú ẹ̀jẹ̀, TSH gan-an sì máa ń lọ́ra. Dókítà tó bá fi èsì ọ̀sẹ̀ méjì yẹn fi kún oògùn, ẹ rọra bi í léèrè.

Ẹ lọ láàárọ̀. TSH máa ń ga lóru àti ní ìdájí, ó máa ń lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án, torí náà tí ẹ bá lọ láago 8 lóṣù tó kọjá tẹ́ ẹ wá lọ láago 3 ọ̀sán lóṣù yìí, nọ́ńbà méjèèjì ò ṣeé fi wéra. Ẹ má lo oògùn yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀, ẹ mú un dání, kẹ́ ẹ lò ó tẹ́ ẹ bá ti jáde ní láàbù. Ìdí ẹ̀ ni pé Free T4 máa ń ru sókè fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e mì, èsì á wá dà bíi pé oògùn ti pọ̀ jù.

Biotin! Ẹ̀yin arábìnrin tó ń lo fítámì irun, èékánná àti awọ dídán, ẹ gbọ́ èyí. Biotin kì í pa táírọ́ìdì lára àmọ́ ó máa ń da ẹ̀rọ láàbù kan rú, ó lè mú kí TSH hàn bíi pé ó lọ sílẹ̀, kí Free T4 hàn bíi pé ó ga, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ wo ẹ̀yìn ike multivitamin náà, ó lè wà níbẹ̀.

Tí ibà tàbí àìsàn ńlá bá wà lára yín, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọsibítù, ẹ ní sùúrù ná àfi tí dókítà bá ní ó di dandan. Àìsàn nìkan lè yí àwọn nọ́ńbà yìí padà, pàápàá T3.

Kí lẹ máa ní kí wọ́n yẹ̀ wò? TSH àti Free T4 ti tó. Ọ̀pọ̀ láàbù ní ìlú wa ń ta T3, T4, TSH pọ̀, T4 tó sì wà nínú ẹ̀ nígbà míì ni gbogbo T4 lápapọ̀, èyí tí oyún àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí onísítírójìn máa ń gbé sókè láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe táírọ́ìdì. Ẹ ní Free T4 lẹ fẹ́. T3 ò wúlò fún yíyí ìwọ̀n levothyroxine padà. Àyẹ̀wò TPO, tó ń fi Hashimoto hàn, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kò sí ìdí láti máa tún un ṣe lọ́dọọdún, ẹ fi owó yẹn ra oògùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì pọ̀

Ẹ wo ìwọ̀n tí láàbù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yín, torí láàbù ò jọra. Fún TSH, ọ̀pọ̀ ló máa ń wà ní bíi 0.4 sí 4.0. Bóyá wọ́n kọ mIU/L tàbí µIU/mL, nọ́ńbà kan náà ni. Free T4 ló ń tanni jẹ: láàbù kan á kọ pmol/L, òmíràn á kọ ng/dL. Ẹni tí èsì ẹ̀ jẹ́ 1.2 ng/dL ní láàbù kan tó wá rí 15.4 pmol/L ní òmíràn, nǹkan kan náà ló ń wò, kò sí ohun tó fò sókè. Ẹ fi 12.87 sọ ng/dL di púpọ̀, ẹ ti dé pmol/L.

TSH ga, Free T4 lọ sílẹ̀: oògùn ò tó, tàbí kò wọlé. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 1 kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ fi kún un.

TSH ga, Free T4 wà déédéé: ẹni tí ò tíì lo oògùn kankan rí tí èsì ẹ̀ rí báyìí, wọ́n sábà máa ń tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 2 sí 3 kí wọ́n tó pinnu. Tí TSH bá ti ju 10 lọ wọ́n sábà máa ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá wà láàárín 4 sí 10, ọjọ́ orí, bó ṣe ń ṣe yín, oyún tẹ́ ẹ ń wá àti TPO ni wọ́n á wò. Àgbàlagbà ẹni ọdún 75 tí TSH ẹ̀ jẹ́ 5.5, tí ara ẹ̀ le koko, ẹ má fi oògùn dà á láàmú. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ti wà lórí oògùn ni, díẹ̀ ló kù kó tó.

TSH ga, àmọ́ Free T4 wà lókè pátápátá tàbí ó tiẹ̀ ti kọjá: èyí ni mo máa ń fi ojú tẹ̀ẹ́rẹ́ wò. Ẹni tí kì í lo oògùn ẹ̀ déédéé, tó wá ń lò ó kíkankíkan lọ́sẹ̀ tó fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí èsì ẹ̀ ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. T4 ti gòkè, TSH ṣì ń rántí oṣù tó kọjá. Kò sí ìjà o, ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún dókítà, torí tó bá fi nọ́ńbà TSH yẹn nìkan fi kún oògùn, ẹ̀yin lẹ máa jìyà ẹ̀.

TSH lọ sílẹ̀, Free T4 ga: oògùn ti pọ̀ jù. TSH tó wà lábẹ́ 0.1 fún ìgbà pípẹ́ lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, ìyẹn sì lè fa rọpárọsẹ̀, ó sì ń jẹ eegun lára, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró. Àwọn míì máa ń gbádùn ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ torí wọ́n ń rù, agbára wà, wọn ò fẹ́ kí wọ́n dín in kù. Ẹ gbà kí wọ́n dín in kù jàre. Àfi àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ táírọ́ìdì fún: dókítà lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí TSH tiwọn wà nísàlẹ̀, torí náà ẹ má fi tiyín wé ti aládùúgbò.

TSH lọ sílẹ̀ tàbí ó wà déédéé, Free T4 náà lọ sílẹ̀: ẹ má fojú kéré èyí. Ó lè jẹ́ pé ẹṣẹ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ yẹn gan-an ni ò ṣiṣẹ́. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ya lára ẹ̀ gan-an nígbà tó bímọ, tí ọmú ẹ̀ ò rí wàrà yọ, tí nǹkan oṣù ò sì padà wá, ó lè jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní Sheehan. Dókítà tó ń wo TSH nìkan máa sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ cortisol ẹ̀ (háómónù tí ara fi ń kojú wàhálà) wò KÍ WỌ́N TÓ fún un ní levothyroxine, torí tí cortisol bá ti kéré, oògùn táírọ́ìdì nìkan lè dá a wólẹ̀. Lẹ́yìn náà Free T4 ni wọ́n á máa fi tún oògùn ẹ̀ ṣe, TSH ò ní wúlò fún un mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí wọ́n ṣe ń yí ìwọ̀n padà

Àgbà tí táírọ́ìdì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ rárá mọ́, bíi 1.6 mcg (máíkírógíráàmù) fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ló sábà máa ń nílò. Ẹni tó wọn kílò 70, bíi 112 mcg nìyẹn. Ẹni tí táírọ́ìdì ẹ̀ ṣì ń gbìyànjú díẹ̀ á nílò ohun tó kéré sí i. Ọ̀dọ́ tí ọkàn ẹ̀ dára lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, àmọ́ àgbàlagbà àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn, 12.5 sí 25 mcg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bá dókítà jà pé ó ń falẹ̀, tí àyà bá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ẹ ò ní rí ẹ̀bi dà.

Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ 12.5 sí 25 mcg, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó ń dùn mọ́ mi nínú jù lọ rè é: ẹ ò nílò hóró 112 tàbí 88 tí a ò rí rà níbí. Torí pé T4 ń pẹ́ nínú ara, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ ṣírò ẹ̀. Ká sọ pé 100 mcg lẹ̀ ń lò, 700 lọ́sẹ̀ nìyẹn, dókítà wá fẹ́ kẹ́ ẹ gòkè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo 100 fún ọjọ́ 5, tẹ́ ẹ lo 150 fún ọjọ́ 2, ó di 800 lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi 114 lójúmọ́. Ẹni tó fẹ́ 75 tó jẹ́ pé 50 nìkan ló rí, hóró kan àti ààbọ̀ ni. Ẹ yan ọjọ́ tó rọrùn láti rántí, bí ọjọ́ Sunday àti Wednesday, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára páálí. Ìyá kan ń lo ọjọ́ ọjà láti fi rántí tiẹ̀, mo ní ọjọ́ ọjà márùn-ún márùn-ún ò bá ọ̀sẹ̀ mu, ìṣirò á dàrú, a jọ rẹ́rìn-ín.

Ibo ni wọ́n ń lé TSH dé? Fún ọ̀pọ̀ àgbà, inú ìwọ̀n tí láàbù kọ. Fún ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, bíi 4 sí 6 ò burú. Tí èsì bá ti dúró déédéé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó, àfi tẹ́ ẹ bá lóyún, tẹ́ ẹ sanra tàbí rù gan-an, tàbí tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn míì. Lára oògùn yẹn: rifampicin tí àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ (TB) ń lò, phenytoin àti carbamazepine fún wárápá, wọ́n ń mú kí ara yára jẹ T4 tán, ìwọ̀n lè ní láti gòkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá parí wọn. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní tiẹ̀, tí wọ́n bá fi kún oògùn táírọ́ìdì ẹ̀, warfarin á lágbára sí i, kó lọ yẹ INR (bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì) wò kíá.

Ẹni tí táírọ́ìdì ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, TSH tiẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ fún oṣù mélòó kan kódà tí Free T4 ti kéré. Ọ̀gá ọ̀hún ṣì ń sùn. Free T4 ni kí wọ́n máa wò títí TSH á fi jí.

Ẹ̀ẹ̀kan kí n dáhùn "ṣé títí ayé ni?" Fún Hashimoto àti ẹni tí wọ́n yọ táírọ́ìdì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má rí TSH tó dára kẹ́ ẹ wá jáwọ́, pé ara ti yá, pé wọ́n ti gbàdúrà fún yín. Ẹ máa gbàdúrà, oògùn náà ló mú kí TSH dára, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á tún gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní 1891, dókítà George Murray ní Newcastle fi omi táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin kan lábẹ́rẹ́, obìnrin yẹn ń lò ó lọ, ó sì wà láyé títí di 1919. Tiyín rọrùn jùyẹn lọ, hóró kan ni.

Oyún

Èyí ò gbọ́dọ̀ dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ inú ò tíì lè ṣe háómónù táírọ́ìdì tiẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ti ìyá ló ń lò fún ọpọlọ ẹ̀. Obìnrin tó wà lórí levothyroxine, kó ti bá dókítà ẹ̀ sọ ọ́ kó tó lóyún pé kí ló máa ṣe lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò oyún bá jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ ni pé kó fi hóró 2 kún un lọ́sẹ̀, ìyẹn 9 dípò 7, kó sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kíá. Lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 4-4 títí dé bí ìdajì oyún, àti ẹ̀ẹ̀kan sí i nítòsí ọ̀sẹ̀ 30. Wọ́n máa ń fẹ́ kí TSH wà lábẹ́ 2.5.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fún aboyún ló ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kó sẹ́nu pọ̀ láàárọ̀. Táírọ́ìdì ní ìdájí, oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án tàbí lálẹ́. Tó bá bímọ tán, kó padà sí ìwọ̀n tó ń lò kó tó lóyún, kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Kò ní pa ọmọ tó ń mu ọmú lára.

Tí nọ́ńbà bá dára tó sì ṣì ń rẹ̀ yín

Ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ kì í ṣe òpùrọ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀bi wà lọ́rùn táírọ́ìdì. Ẹ ní kí wọ́n wo PCV (bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó) àti ferritin (áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pamọ́), pàápàá tí nǹkan oṣù yín bá ń pọ̀. Ẹ wo fítámì B12, wo ìtọ̀ ṣúgà, wo oorun yín bóyá ẹ̀ ń han-run débi pé èémí ń dá dúró. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà àìsàn ni. Tí kọ̀lẹ́sítẹ́róòlù yín bá ga nígbà tí TSH ṣì ga, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún táírọ́ìdì ṣe, ó lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, oògùn kọ̀lẹ́sítẹ́róòlù náà sì máa ń tètè ba iṣan jẹ́ lára ẹni tí táírọ́ìdì ẹ̀ ò tó.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró: àyà dídùn, ọkàn tó ń lù ségesège tí kò dúró, èémí tí kò délẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi kún oògùn. Àti àgbàlagbà tí ò lo oògùn ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ara ẹ̀ wá tutù, tó ń sùn ṣáá, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti dàrú. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbòmíì.

Fún àwọn tí ọmọ ń fi oògùn ránṣẹ́ sí láti òkè òkun

Ní England, ẹni tó ń lo levothyroxine torí táírọ́ìdì tí ò ṣiṣẹ́ tó kì í sanwó oògùn tí GP (dókítà àdúgbò ẹ̀) bá kọ fún un, kódà èyí tí kò kan táírọ́ìdì, tó bá ṣáà ti gba ìwé ìdásílẹ̀, fọ́ọ̀mù FP92A lẹ máa béèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ò mọ̀, wọ́n ń sanwó lọ. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé láti Amẹ́ríkà ló ń fún mi níṣẹ́, torí wọ́n lè kọ ọ́ ní mg. 0.05 mg ni 50 mcg, 0.1 mg ni 100 mcg, 0.025 mg ni 25 mcg. Ìyá tó ti ń lo 50 látọjọ́ yìí tó wá rí 0.1 lára ike tuntun máa rò pé kékeré ni, á lo méjì, ìyẹn ti di 200. Àwọ̀ hóró ti Amẹ́ríkà ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: 25 dà bí ọsàn, 50 funfun, 100 yẹ́lò. Tí àwọ̀ bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ má tíì gbé e mì, ẹ ya fọ́tò ike náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fún yín lóògùn.